Báwo ni a ṣe lè mú kí ọlọ́kọ̀ tètè rí alùpùpù lọ́nà Kubwa sí Zuba?

Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti oníwáyà Àbújá, ẹ kú ojú ọ̀nà o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí eruku ọyẹ́ tó bo títì.

Iná LED méjì, wáàtì 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo fẹ́ so mọ́ fọ́ọ̀kì iwájú, kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀. Iná ẹyọ kan kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ mọ bí alùpùpù ṣe jìnnà tó. Lórí bátìrì fóòtì 12, méjèèjì ò gbà tó ámúpù 2. Fíúsì ámúpù 3 tó. Ṣé látinú bátìrì gba ojú kọ́kọ́rọ́ ni kí n ti fa wáyà, àbí látara iná iwájú? Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń fún iná iwájú níná tààrà, LED á máa ṣẹ́jú. Tó bá sì jẹ́ látinú bátìrì ni, bátìrì kékeré náà lè kú nínú gosúlóò.

Ẹ̀yìn ń kọ́? Èrò máa ń bo jákẹ́ẹ̀tì awakọ̀, nítorí náà akoto àti mọ́gáàdì ni mo fẹ́ lẹ téèpù pupa tó ń tan iná padà mọ́. Kódà tí a bá fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ kó gbẹ, oòrùn ṣì ń ṣí etí rẹ̀. Kí lẹ fi ń dè é?