Òṣùwọ̀n ní òdo, apá sì le bí igi

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ti àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ gbọ́ iná kékeré tó wà nínú iṣan ara, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Nínú yàrá mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló fà á. Màmá Àgbà la máa ń pè wọ́n. Aláró ni wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni rọpárọsẹ̀ mú. Ìgúnpá ká kò, kò fẹ́ nà mọ́. Bí ẹ bá ní kí ẹ nà án fún wọn, ẹ ó rò pé ẹnì kan wà nínú apá náà tó ń fà á padà. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ mọ̀.

Mo yá ẹ̀rọ EMG kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ iná inú iṣan, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Bí iṣan bá fẹ́ fà, iná kékeré a máa sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ó lẹ ohun pẹlẹbẹ méjì mọ́ awọ ara lórí iṣan náà, kí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ̀rọ á sì gbọ́ ọ. Iná yìí kéré jọjọ, kì í sábà ju mílífóòtì díẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi wáyà láptọ́ọ̀pù sí iná. Bí mo ká apá, bí mo sinmi, ìlà kan náà ló ń jó, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná NEPA ni mo ń gbọ́, mo sì ti ń yọ̀ pé iṣan ni! Mo yọ wáyà, mo lo bátìrì, mo fá irun apá, mo fi sípíríìtì nu awọ ara dáadáa. Ìlà náà balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo dán an wò lára àbúrò mi. Mo ká apá rẹ̀ sórí tábìlì, mo fi okùn so ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n tí àwọn alápatà fi ń wọn ẹran. Ó fà á dé kílò 4, níbi tó jìnnà sí ìgúnpá ní sẹ̀ǹtímítà 25. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára newton-mítà 10 tó ń yí oríkèé rẹ̀, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀kì. Mo fi iná iṣan iwájú apá wé tọ́ọ̀kì náà títí mo fi lè wo iná nìkan kí n sì sọ iye tí òṣùwọ̀n máa kà. Iná ló máa ń kọ́kọ́ dìde, òṣùwọ̀n á wá tẹ̀ lé e. (Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹ bá na apá náà, ìṣirò yẹn kò bá a mu mọ́, nítorí iṣan tó gùn àti èyí tó kúrú kì í fi iná kan náà fa iye kan náà.)

Ìgbà náà ni mo wá sọ fún un pé, “Le apá rẹ, ṣùgbọ́n má fà á.” Òṣùwọ̀n padà sí òdo. Ṣùgbọ́n ìlà iṣan iwájú gòkè, ti ẹ̀yìn náà gòkè. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo tú okùn, mo ti ọwọ́ rẹ̀ lójijì. Kò mì. Bí ẹni ti òpó iná ni.

Ẹ ti rí onílù dùndún rí. Bó bá fi apá fún ọsán ìlù, ìlù kò kúrò lójú kan, ọsán ń fa awọ ọ̀tún, ó ń fa ti òsì, ohùn rẹ̀ a sì lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oríkèé. Tọ́ọ̀kì ni ohun tó kù nígbà tí ẹ bá yọ agbára iṣan ẹ̀yìn kúrò nínú ti iwájú. Ní ti líle, ńṣe la máa ń ro ti àwọn méjèèjì pọ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Neville Hogan, ti kọ̀wé lórí èyí ní 1984, pé a lè fa iṣan méjèèjì pọ̀ láti mú oríkèé le láìyí i. Ṣùgbọ́n lára àbúrò mi ni mo ti gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ tí a ṣe ti Màmá Àgbà, fisíò wọn, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú apá wọn, jókòó tì wá. Màmá Àgbà nawọ́ sí ife omi: iṣan ẹ̀yìn ń gbìyànjú, ti iwájú kò gbà, ó ń tàn yanran. Mo ní mo ti rí ẹni tó ń fà á. Àfi ìgbà tí wọ́n sinmi tán tí ìlà méjèèjì sùn lọ, tí ìgúnpá sì tún ká síbẹ̀. Àyà mi já. Fisíò ní iṣan náà àti okùn tó so ó mọ́ eegun ti kúrú nítorí pé apá ti ká kò pẹ́, líle yẹn kò ní iná nínú. Ẹ̀rọ mi kò lè gbọ́ ọ láéláé. Ká ní mo gbé ìṣirò iná nìkan fún fisíò, mo máa ti sọ pé apá náà rọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi irú ẹ̀rọ yìí wo ọrùn ẹsẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ya líle méjèèjì, èyí tó ní iná àti èyí tí kò ní, sọ́tọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Nísinsìnyí, mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iṣan iwájú wọn lálaalẹ́, mo dúró títí ó fi rọ̀, kí n tó nà án díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá yára, iṣan náà á le lójijì, á fà padà. Lálẹ́ àná, ọmọ ìka wọn kan etí ìkòkò aró.