Ìdáhùn: irun "àdáyébá" tàbí irun àdámọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n tó túmọ̀ Hair Love fún àwọn ọmọ wa kú làálàá. Fíìmù kékeré tí Matthew A. Cherry gbé jáde ní 2019 yẹn, tó gba Oscar ní 2020, wọ̀ mí lára: Zuri, ọmọbìnrin inú rẹ̀, ń wo fídíò tí ìyá rẹ̀ fi ń kọ́ni ní irun ṣíṣe, bàbá sì ń bá irun ọmọ jà. Ṣùgbọ́n "irun àdáyébá" (natural hair) tí ẹ̀gbọ́n pe irun ọmọ náà, n kò gbà.

Ẹ̀gbọ́n ní "dá" inú àdáyébá ni "dá" inú Ẹlẹ́dàá. Rárá o! "Dé" ni. Dé ayé, dáyé: a pa "é" jẹ, ohùn òkè rẹ̀ ló dúró sórí "a"; ìpajẹ nìyẹn. Ọdún 23 ni mo fi kọ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìpajẹ, ẹ má fi èyí bá mi jiyàn. Wọ́n wá fi "Àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá" gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Òwe yẹn gan-an ló já wọn kulẹ̀: ohun tí a yàn lọ́run ni a dé ayé wá bá. Irun kò jókòó dè wá láyé, orí ló gbé e wá. Kí ló dé tí Dàda fi jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá? Ohun tí Zuri dáyé bá ni rìláásà, wíìgì, àti fóònù tó ń bá èèyàn bó ojú funfun. Ṣé inú agbọ̀n kan náà ni ká kó irun rẹ̀ sí?

Àdámọ́ ni. A dá a mọ́ ọn. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹni tó kọ "àdámọ̀" níjẹta, ẹ̀kọ́ òdì ni ṣọ́ọ̀ṣì ń pè bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin kan bèèrè pé, ti ìyá Zuri ńkọ́, tí àìsàn ti kó irun rẹ̀ lọ? Ìbéèrè yẹn gbà mí lóorun. "Mọ́" kò ní kí nǹkan má ya. Àwòrán tí ọmọ yà fún ìyá rẹ̀, orí pípá ni, ó sì fi adé dé e. Orí ṣì wà.

Ìyá ìyá mi, onídìrí ni wọ́n. Bí wọ́n bá fi òòyà kan irun mi tó le, "irun orí ẹ nìyí" ni wọ́n máa ń wí, wọn kì í fi nǹkan kan kún un.

Ti "àwòrán abẹ̀mí" (animation) tí ẹ tún pe fíìmù náà, n ó padà sí i. Ohun abẹ̀mí ń jẹ, ó ń kú. Katúùnù táwọn ọmọ ń wí sàn fún mi jùyẹn lọ.