Ẹni tó ń du ilé aṣòfin ní òun máa fòfin de oyún ṣíṣẹ́ àti ìfètò sọ́mọ bíbí. Ṣé agbára rẹ̀ ká a?

Aránṣọ Tákíè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè ni mo mú wá. Ẹ má sọ ọ́ di ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú, torí mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀kan lára àwọn tó ń du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá bá ẹgbẹ́ aránṣọ wa níbi ìpàdé oṣooṣù. Kánópì méjì, ìrẹsì kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá dúdú, àti ìlérí iná tí etí wa ti gbọ́ sú. Ó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó kan àwa obìnrin. Ó ní tóun bá dé Ìbàdàn, òun máa gbé òfin dìde tí wọ́n á fi máa sọ ẹni tó bá ṣẹ́yún sẹ́wọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tún ní abẹ́rẹ́ àti igi tí wọ́n ń fi sí obìnrin lápá, oyún náà ni wọ́n fi ń ṣẹ́, nítorí náà obìnrin kan ò ní gbà á mọ́ àfi tí ọkọ rẹ̀ bá buwọ́ lùwé. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Nínú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ yẹn, ó kéré tán, mẹ́ta wà tí èmi pẹ̀lú wọn jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi ìfètò sọ́mọ bíbí lọ́dún tó kọjá!

Èmi náà ní in lápá. Igi méjì, ti ọdún márùn-ún. Bí mo bá ń gé aṣọ, ìka mi máa ń ṣèèṣì kàn án lábẹ́ awọ, bí igi ìṣáná méjì tó sùn ti ara wọn. Lẹ́yìn ọmọ kẹrin ni mo lọ gbà á. Bàbá wọn ń wakọ̀ Ìlọrin, òun ló tilẹ̀ gbé mi dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó buwọ́ lu nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n lè pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ iṣẹ́ mi kan ni. Ó ku oṣù méjì kó gba fúrídọ̀mù. Ó dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó ní inú ń run òun. Mo rò pé ti oṣù ni. Ìgbà tó fẹ́ dìde lórí àpótí, ó di máṣíìnì mú, mo wá rí i pé àgékù léèsì oníbàárà ló ti ń kó sábẹ́ ara rẹ̀ látàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ti rin gbingbin. Oògùn tó rà ní kẹ́mísì ló lò. Ohun tó ń sọ ni pé, "Àǹtí, ẹ má gbé mi lọ ọsibítù, wọ́n á mú mi." Mo gbé e lọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ méjì sí i lára kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀.

Ṣé òfin kankan ò sí tẹ́lẹ̀ ni tí ọkùnrin yìí fi fẹ́ ṣe tuntun? Ṣé ó lè ṣe é? Wọ́n ní ó ń padà bọ̀ wá pín máṣíìnì. Kí ni kí n bi í?

Ọmọ Ìjerù:
Àǹtí, ẹ gba máṣíìnì. Ìwé ìdìbò, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́yà Kékeré:
Ẹ má fi ṣàwàdà, ó lè kan òfin náà. Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ kì í ṣe ti Abùjá nìkan, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n 32 ni wọ́n wà nílé aṣòfin Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó ń dá òfin ṣe, gómìnà náà sì máa ń buwọ́ lù ú.

Ẹ̀wọ̀n tó ṣèlérí yẹn ti wà láti 1916. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó, abala 228 ní ẹni tó bá bá obìnrin ṣẹ́yún lè fẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Obìnrin tó ṣe é fúnra rẹ̀, abala 229, ọdún 7. Ẹni tó ta oògùn tàbí irinṣẹ́ fún un, tó sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, abala 230, ọdún 3. Ibi tí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀ ni abala 297, níbi tí iṣẹ́ abẹ ti jẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti dán an wò. Ìmò ṣe òfin kan ní 2012 tó fẹ ilẹ̀kùn yẹn, àwọn Kátólíìkì figbe ta, wọ́n pa á rẹ́ ní 2013. Èkó gbé ìlànà jáde fún àwọn dókítà ní 2022 lórí oyún tó bá fẹ́ gbẹ̀mí ìyá. Kò pé oṣù kan tí gómìnà fi dá a dúró. Nítorí náà, tí olùdíje bá ní òun fẹ́ "fòfin dè é", ẹ bi í pé èwo nínú èyí tó wà nílẹ̀ ni kò tíì kà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (mo ti fẹ̀yìn tì):
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ yẹn o, Ìyá Aránṣọ. Ẹ bá mi sọ fún un àti fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú, ohun yòówù kó fà á. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń pa wọ́n ju oògùn lọ.

Ọkùnrin yẹn ti po ẹ̀wà mọ́ yanrìn. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, igi apá, lúùpù tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, kò sí èyí tó ń ṣẹ́yún nínú wọn. Wọn kì í jẹ́ kí oyún wọlé rárá ni. Postinor pàápàá, oògùn ìdènà oyún táwọn ọmọdé ń rà, tó yẹ kí wọ́n lò kó tó pé wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kò lè ṣe oyún tó ti dúró ní nǹkan kan. Ìwé tí ọkọ ń buwọ́ lù, àṣà àwọn ilé ìtọ́jú kan ni, mi ò rí i nínú òfin rí.

Nígbà tí ìjọba Babangida mú ètò ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan wá ní 1988, àwọn ọkùnrin bú wa títí. Wọ́n ní ẹni tó ní ìyàwó mẹ́ta ńkọ́, ṣé 12 kọ́ nìyẹn? Mo ń rẹ́rìn-ín báyìí, mi ò rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi í nìyí. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun ìfètò ní ilé ìlera ìjọba. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ibẹ̀ kú? Aláìsàn ni! Owó yẹn, ilé aṣòfin Ìbàdàn ló ń fọwọ́ sí ìṣúná tó yẹ kó ti jáde.

Bàbá Díákónì:
Èmi ò ní bo tèmi. Oyún ṣíṣẹ́ kò tọ́ lójú Ọlọ́run, mi ò sì ní dìbò fún ẹni tó bá ní kó di gbogboogbò. Ṣùgbọ́n ọsibítù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti fi lúùpù sí ìyá àwọn ọmọ mi lẹ́yìn ọmọ kẹfà. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìpànìyàn, kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Ará Ilé ní Houston:
Ẹ jẹ́ kí n fi tibí kún un. Texas tí mo wà ní Amẹ́ríkà yìí ti ti ilẹ̀kùn oyún ṣíṣẹ́ pa lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́yún tó ti wà láti 1973, ní oṣù kẹfà 2022. Ní 2024, Trump ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá òfin oyún tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn yín nílé ni ìlànà tí Ààrẹ Reagan bẹ̀rẹ̀ ní 1984, pé àjọ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ń sọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ kò ní rí owó ìfètò gbà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Nínú àwọn ààrẹ tó tẹ̀lé e, Clinton mú un kúrò, Bush dá a padà, Obama mú un kúrò, Trump dá a padà, Biden mú un kúrò, Trump tún ti dá a padà ní oṣù kìíní 2025. Oṣù keje ọdún yẹn náà ni wọ́n ti USAID pa, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ ò dìbò fún ẹnì kan nínú wọn.

Aránṣọ Tákíè:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn páálí tí mo fi ń gé bùbá: "Èló lẹ máa fọwọ́ sí fún ìbọ̀wọ́ àti òwú ní ìlera wa? Ṣé ìyàwó tiyín buwọ́ gbà lọ́wọ́ yín?" Èkejì yẹn, mo ṣì ń rò ó.

Mo ti fi tó àwọn mẹ́ta tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí. Ọ̀kan ní òun máa bá mi dìde. Àwọn méjì tó kù ní àfi tí wọ́n bá ti pín máṣíìnì tán.