Kí ni Òyìnbó ń pe ibi gíga tí a ti ń wòran? Ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń kọ sára pátákó níbi gíga tí ojú ti lè ríran jìnnà ni mo bá dé o. Blue Ridge Parkway, ọ̀nà máìlì 469 tó gba orí òkè Virginia wọ North Carolina, kún fún pátákó «overlook». Ẹ ó yà kúrò lójú títì, ẹ ó páàkì, òkè á sì tò lọ rẹrẹ níwájú yín, wọ́n á máa rí bí aṣọ aró. Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ wà nínú mọ́tò fárígá. Wọ́n ní kí ló dé tí ìjọba fi ń náwó sórí pátákó tó ní kí aráyé gbójú fo ibẹ̀? Ohun tí wọ́n mọ overlook sí nìyẹn láti iléèwé. Mo ní, «Ẹ̀gbọ́n, ìtumọ̀ rẹ̀ pé méjì: kí èèyàn fojú fo nǹkan, àti kí ibì kan ga débi pé ẹ ó máa wo ìsàlẹ̀ látibẹ̀.» Wọn ò gbà. Ẹ̀yin ńkọ́?

Láti Ọsirélíà:
Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, tiwọn ni mo ṣe! Níbí, lookout ni ẹ ó máa rí. Echo Point ní Katoomba ni mo ti kọ́kọ́ bá a pàdé, níbi tí wọ́n ti ń wo àpáta Three Sisters. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń pe ẹni tó ń ṣọ́nà, àti ilé gogoro tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná igbó. Àmọ́ bí ẹnì kan bá pariwo «Look out!», ẹ má wá pátákó kankan, ẹ tètè yẹ̀. Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń bi mí pé apá ibo ló wà. Bọ́ọ̀lù táwọn ọmọdé gbá ló dá a lóhùn.

Láti Skọ́tlándì:
Viewpoint ni tiwa. Lórí máàpù Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain, ìtànṣán aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń sàmì rẹ̀, òun ni mo máa ń tẹ̀ lé. Viewpoint tún jẹ́ èrò ọkàn èèyàn, kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú. Beachy Head ló pa mí lẹ́rìn-ín, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ògiri ẹfun tó ga ní mítà 162 létí òkun. Àwọn tí a jọ lọ gbé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ dání torí wọ́n gbọ́ beach! Faransé àtijọ́ ni orúkọ náà, beau chef, orí tó rẹwà. Head níbẹ̀ sì ni ilẹ̀ gíga tó yọ sínú òkun.

Láti New York:
Ẹ̀yin ń gun òkè, àwa ń wọ ẹ̀rọ agbéniròkè. Observation deck ni tiwa, ibi ìwòran lókè ilé gogoro. Ọ̀kan wà ní àjà 86 Empire State Building, owó lẹ ó san. Èmi fẹ́ràn Belvedere Castle nínú Central Park, tí wọ́n kọ́ sórí àpáta Vista Rock. Èdè Ítálì ni belvedere, ìran tó dára. Ilé ni wọ́n sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òkè lásán.

Láti California:
Vista point ni tiwa, vista ni ìran tójú rí lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun àríwá afárá Golden Gate. Ẹ má fi ọkàn sí ohun tí orúkọ yẹn ṣèlérí o, bí kùrukùru bá bolẹ̀, afárá tó wà níwájú yín gan-an ẹ ò ní rí i. Àwọn àlejò tí mo mú lọ ya fọ́tò pẹ̀lú pátákó, wọ́n ní ó tó.