Wọ́n ní kí màmá mi wá ṣe lésà ojú, wọ́n láwọn ò lọ

Ọmọ Ẹlẹ́kọ, Òṣogbo
Ẹ kú àárọ̀ o. Ọdún kọkànlá rèé tí màmá mi ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà yí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ojú yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú wọn wò, ó ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó wà níbẹ̀ ti ń jò, òmíì ti dí, ká tètè wá ṣe lésà, ìyẹn iná tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀yìn ojú. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ojú ò ro àwọn, àwọn ṣì ń fún oníbàárà ní ṣéńjì láìṣì í kà, kí ló dé tí wọ́n á fi iná jó àwọn lójú? Ẹ̀gbọ́n wọn tún ní ẹnì kan ládùúgbò ṣe é, ó sì fọ́jú. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Wálé
Kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná. Oyin ìgàn ni màmá tèmi máa ń kán sójú, ojú wọn mọ́ kedere.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Bàbá Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oyin sí i. Iwájú ojú ni oyin mọ. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ọmọ mi, gbọ́ tèmi. Lọ́dún 2017, mò ń rán bùbá léèsì funfun kan lọ́wọ́ nígbà tí mo rí òwú dúdú kan lórí ẹ̀. Mo fọwọ́ ṣà á, kò ṣeé ṣà. Mo gbọn aṣọ náà, kò kúrò. Mo gbójú sókè wo ògiri, òwú náà bá mi gòkè. Ìgbà yẹn ló yé mi pé inú ojú òsì mi ló wà. Ẹ̀jẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti dà bí ìgbà tí wọ́n da aró sínú omi. Kò dùn mí rárá o! Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ni ojú yẹn ti ń ṣe bàìbàì, kẹ́míìsì kan ń ta oògùn ojú fún mi, èmi náà ń rà.

Bí dókítà ṣe là á yé mi nìyí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù lára wa kéré débi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ń tò kọjá níbẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara iṣan náà á ṣá, á máa jò, òmíì á dí pátápátá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ á wá máa ké ebi. Igbe yẹn ló ń mú kí iṣan tuntun hù, ṣùgbọ́n iṣan ọ̀hún ò lágbára, bí òwú tó ti gbó ló rí. Tó bá já, ẹ̀jẹ̀ dà sójú nìyẹn. Àwọn etí ẹ̀yìn ojú tí ebi ń pa yẹn ni lésà ń jó, kí igbe lè dákẹ́. Ó ń fi etí ra àárín, àárín la sì fi ń kàwé, òun la fi ń ríṣẹ́ ọwọ́ wa.

Lésà kì í dá èyí tó ti lọ padà. Ojú òsì mi ò bọ̀ sípò mọ́. Ọ̀tún ò tíì ta ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, òun ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò mọ ẹni tó fọ́jú ládùúgbò yín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló máa ń dúró dìgbà tí ojú bá ti bàjẹ́ ká tó lọ, tó bá wá fọ́, a ó ní lésà ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Wọ́n á kán oògùn tó ń mú kí ara ẹyinjú kú tipiri, wàá gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n á fi gíláàsì kékeré lé ẹyinjú, iná aláwọ̀ ewé á wá máa kọ yẹ̀rì, yẹ̀rì. Nígbà mìíràn ó máa ń ta mí lẹ́yìn ojú bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gúnni. Láti ìgbà yẹn, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran lálẹ́ mọ́, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì Kíníìkì Ṣúgà
Òótọ́ ni màmá aránṣọ sọ. Láti ọdún 1976 ni ìwádìí ńlá kan l'Amẹ́ríkà ti fi hàn pé lésà ń dín ìfọ́jú burúkú kù ju ìdajì lọ. Bí àárín gan-an bá ti wú, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ inú ojú kún un, àgúntúngún sì ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ màmá wò lọ́dọọdún bóyá purotéènì wà níbẹ̀, torí irú iṣan tín-tìn-tín yẹn náà ni kíndìnrín fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ ríru má sì ga. Ìwádìí Ìlú Ọba tó jáde ní 1998 rí i pé kíká ṣúgà lọ́wọ́ kò dáadáa dín wàhálà àwọn iṣan wọ̀nyí kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ, Òṣogbo
Mo ka gbogbo ẹ̀ sí wọn létí. Ibi òwú dúdú yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n kà á. Wọ́n wá ní kí n bi yín, mà: ṣé ẹ ṣì ń ránṣọ?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Mò ń rán an. Ọmọṣẹ́ mi ló ń bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo oògùn ṣúgà wọn kí wọ́n tó jáde, kí o sì dì wọ́n lọ́wọ́ mú bọ̀ wálé, torí ojú ò ní là dáadáa lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún yín?

Ọmọ Ẹlẹ́kọ, Òṣogbo
Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Màmá ti ní kí n wá bá àwọn láàárọ̀.