Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ nílùú orí yìnyín, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Ẹlẹ́wà (Rifle, Colorado)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àtìgbà tí mo ti gbé fọ́tò òkè yẹn síbí ni wọ́n ti ń kí mi kú oríire: "Hà, Aspen lẹ̀ ń gbé! Ẹ ti dolówó." Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbé Aspen. Aspen, ìlú olówó orí òkè tí àwọn àlejò ti ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín (síkì), ni mo ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn. Rifle ni mò ń gbé, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan dé Glenwood Springs, bọ́ọ̀sì míì dókè. Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni mò ń jí.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, àárín ìlú gan-an ni wọ́n kó wa sí, àwa obìnrin mẹ́rin nínú yàrá kan. Ọjọ́ ìsinmi mi àkọ́kọ́, mo gbé ẹ̀wà kaná láago méjì ọ̀sán. Aago mẹ́fà lù, ẹ̀wà ń wò mí. Aago mẹ́jọ, mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi ní Denver. Ọmọ Mẹ́síkò kan tá a jọ ń gbé ló rẹ́rìn-ín títí, ó wá gbé ìkòkò onípírẹ́ṣọ̀ tiẹ̀ fún mi. Ó ní ibi tá a wà yìí fi nǹkan bí 2,400 mítà ga ju òkun lọ, omi á hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gbóná ju bí 92 dígírì Celsius lọ. Láyé mi, mi ò mọ̀ pé omi lè máa hó kó má gbóná tó!

Yàrá mẹ́rìnlá lójúmọ́ ni tèmi. Bàtà síkì wúwo bí ọmọ odó, omi yìnyín á sì máa kán lára ẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní àbàwọ́n ò gbọ́dọ̀ kàn. Ajá kan wà tó ní bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí. Mo tẹ́ ẹ.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, yìnyín ń yọ́, ẹrọ̀fọ̀ gbòde, àwọn àlejò lọ. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wa pé ká kó jáde láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Mo wálé kiri. Aspen, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Basalt wọ́n. Carbondale wọ́n. Ní Glenwood, lánlọ́ọ̀dù ní kí n kó owó oṣù mẹ́ta wá ná. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nìyẹn tí mo fi bá ara mi ní Rifle.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Bọ̀dá Oníwáyà

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Èmi ṣe sáà òtútù méjì nídìí àwọn àga tí wáyà ń gbé gòkè yẹn. Ká fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò níbi tí èèyàn ń dúró sí, ká sì di àga mú kó má gbá àwọn ọmọdé ṣubú. Bó o bá gbójú kúrò pẹ́nrẹ́n, ariwo lo máa gbọ́.

Ṣé ẹ mọ ibi tí àga yẹn ti wá? Ẹnjiníà iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan, James Curran, ló ronú ẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ rí lórí ẹ̀rọ tó ń fi ìkọ́ gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò, ó fi àga sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Sun Valley, Idaho, ní 1936. Látọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ, bí olówó kan bá ti jókòó sórí àga tèmi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń rí.

Ìlú awakùsà ni Aspen tẹ́lẹ̀ o, fàdákà ló dá a sílẹ̀. Ní 1893, ìjọba Amẹ́ríkà ṣíwọ́ ríra fàdákà bíi ti tẹ́lẹ̀, owó ẹ̀ já wálẹ̀, ihò kùsà ń tì níkọ̀ọ̀kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá gbẹ́ odidi fàdákà kan tó lé ní 800 kílò jáde nínú kùsà Smuggler. Ẹ wo orí burúkú! Ọjà ti kú kí iṣu tó ta. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, àwọn tó kù nílùú ò ju bí 700 lọ.

Ogun Àgbáyé Kejì ló tún un ṣe. Àwọn ọmọ ogun tó kọ́ síkì ní Camp Hale, àgọ́ ológun kan ní Colorado, rí òkè náà. Ọ̀kan nínú wọn, Friedl Pfeifer tó wá láti Austria, padà wá lẹ́yìn ogun, Walter Paepcke, oníṣòwò ará Chicago, sì kówó sílẹ̀. Òtútù 1946 sí 1947 ni wáyà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà yẹn kò sí èyí tó gùn tó o láyé. Paepcke tún ní òun á fún àwọn onílé ní ọ̀dà lọ́fẹ̀ẹ́, kìkì pé ayàwòrán òun, Herbert Bayer, ló máa bá wọn mú àwọ̀ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀ jálẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn fún ìyẹn. Ta ló máa bá ẹ mú ọ̀dà ilé bàbá ẹ?

Ọmọ Ìdànrè (Denver)

Tèmi ò gùn. Èmi tí mo ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè láì sinmi, kí ni yìnyín fẹ́ fi mí ṣe? Mo háyà bàtà, mo wọ gọ̀ńdólà (yàrá kékeré tí wáyà ń gbé gòkè) ti Aspen Mountain, mo dókè, ó lé ní 3,400 mítà. Ọmọdébìnrin kan, kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, bi mí bóyá mo mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àwọn akọ́ṣẹ́ lórí òkè yẹn rárá, òkè míì, Buttermilk, ni wọ́n ń lọ. Mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gọ̀ńdólà tó gbé mi lọ náà ló gbé mi bọ̀. Tọkọtaya kan tó ń gòkè bọ̀ juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́.

Ẹni Tó Ń Ta Tẹ́tẹ́ Ilé

Ìyá Ẹlẹ́wà, ṣé ẹ ti gbìyànjú ilé ìjọba? Ẹ má bínú pé mo ń dá sí i. Nǹkan bí 3,000 ilé ni ìlú àti káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) yà sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá ta ilé ní Aspen, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀ ń lọ sápò ilé òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ 1,500 wákàtí lọ́dún ní káúńtì náà, orúkọ á wọ inú àpótí, wọ́n á sì fa ọ̀kan yọ. Tó o bá fẹ́ tà á padà, èrè ẹ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Àwọn kan ń kùn sí ìyẹn. Èmi ò kùn, torí kò sí ohun míì tó máa jẹ́ kí olùkọ́ tàbí awakọ̀ lè rí i rà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ta tẹ́tẹ́ yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé tèmi. Mo ṣì ń ta á.

Ìyá Ẹlẹ́wà

Ọmọ Ìdànrè, o ò ní pa mí! Èmi náà ò tí ì wọ síkì rí, ọdún kẹfà rèé.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ti ilé. Fọ́ọ̀mù yẹn wà nínú báàgì mi láti oṣù tó kọjá, wákàtí tèmi sì ti ju 1,500 dáadáa. Ìwé tí mo máa gbà lọ́wọ́ ọ̀gá pé lóòótọ́ ni mò ń ṣiṣẹ́ fún wọn ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti béèrè, ó ní òun ò tí ì ráyè. Lónìí, mo máa dúró tì í nídìí tábìlì ẹ̀ ni.

Bọ́ọ̀sì ti ń tanná bọ̀, awakọ̀ tòní kì í sì í dúró de èèyàn.