Ṣé òṣùwọ̀n kan náà ni a fi ń wọn fíìmù ogun àti fíìmù apanilẹ́rìn-ín?

Ọmọ Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo ka èrò lámèyítọ́ kan, ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò, lórí àwọn fíìmù tí wọ́n jáde láìpẹ́. Ó gbé House of Ga'a àti Lisabi, tí méjèèjì jáde lórí Netflix ní ọdún 2024, gẹ̀gẹ̀ nítorí aṣọ, ẹṣin àti ojú ogun inú wọn. Nígbà tí ó kan Everybody Loves Jenifa, tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé wọ ilé sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó ní ẹ̀rín lásán ni. Fíìmù tí ó pa owó tí ó lé ní bílíọ̀nù kan náírà, ṣé kò sí ohun tí àwọn ènìyàn rí nínú rẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì (Ìsọ̀kùn, Iléṣà):
Èmi náà kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó. Fíìmù tí ó bá bọ́ sí àsìkò Kérésìmesì, tí àwọn ará òkè òkun wà nílé, yóò pawó, ì báà dára, ì báà má dára. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ náà bèèrè ni pé ta ni a ń fi rẹ́rìn-ín. Láti ọdún 2008, nínú fíìmù Jénífà àkọ́kọ́, tí ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Sùlíà ti kúrò ní abúlé, tí ó dé yunifásítì, tí ó sì sọ ara rẹ̀ di Jénífà, ìtìjú ọmọ tálákà tí kò fẹ́ kí a mọ ibi tí òun ti wá ni ẹ̀rín náà dá lé. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ tí ẹ ń gbé nítòsí yunifásítì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Lójú tèmi, ìtìjú yẹn ti dín kù nínú ti tuntun yìí. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí lámèyítọ́ náà ti bá fíìmù náà wí.

Ọmọ Ọ̀bọkún (Iléṣà):
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ní ti fíìmù ogun, Femi Branch, nínú House of Ga'a, gbé Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́ yọ débi pé mo gbàgbé aṣọ tí ó wọ̀. Àìsàn tí ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni oògùn: bí ọfọ̀ bá ti jáde lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti yanjú, ìtàn kò níṣẹ́ mọ́. Ẹ wo Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, ọdún 2022: agbára àtijí òkú wà nínú àdó lọ́wọ́ Saro, tí ìtàn náà dá lé, síbẹ̀ ojúkòkòrò rẹ̀ àti ìbínú Arólákẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí ó da ohun inú àdó náà nù, ni ó pa á láyò.

Lámèyítọ́ náà kò sì fẹnu ba èdè. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wọ̀nyí, Yorùbá àjùmọ̀lò kan náà ni gbogbo ìlú ń sọ, tí etí kò fi lè dá àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí onílé, bẹ́ẹ̀ àlejò láti Ọ̀yọ́ tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá ni ó fa ìjà Lísàbí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe fíìmù Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà, àti ogun Kírìjì tí ó bá Ìbàdàn jà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kí Agbógungbórò má fi ohùn ará Ìbàdàn pàṣẹ fún ọmọ ogun Ìjẹ̀ṣà.

Ọmọ Ìlódè:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Àwọn kan yóò ní èèyàn kò ní gbọ́ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà nísàlẹ̀ àwọn fíìmù yìí tẹ́lẹ̀.